Alẹ́ ni eyín ń bàjẹ́, kòkòrò kọ́ ló ń jẹ ẹ́

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì rí ní gáréèjì Challenge n'Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ Èkó ló ń lọ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní ṣàì mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kí èrò tó kún ọkọ̀ ni yóò ti dìde dúró. Yóò kọ́kọ́ gbàdúrà fún awakọ̀ àti èrò, gbogbo ènìyàn yóò ṣe àmín, lẹ́yìn náà ni yóò fa ìgò kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Omi ló wà nínú ìgò ọ̀hún, nínú omi náà sì ni àwọn nǹkan tín-ínrín funfun kan wà tí wọ́n jọ ìdin. Yóò gbé e sókè kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Yóò ní inú eyín ìyá àgbàlagbà kan ni òun ti yọ wọ́n, àti pé oògùn òun nìkan ló lè lé wọn jáde. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò ti nawọ́ owó sí i.

Mo ti rí irú ọkùnrin yìí ní Ring Road, mo sì ti rí i ní Dùgbẹ̀ pẹ̀lú. Ti Dùgbẹ̀ ló dùn mí jù lọ, nítorí pé Dùgbẹ̀ yìí kan náà ni ilé ìtọ́jú eyín ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Àwọn tó ń ra oògùn kòkòrò nínú mọ́tò máa ń gba ìtòsí rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé dókítà eyín wà. Wọ́n mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà wọ́n. Bí ẹ bá bi wọ́n, ohun tí wọn yóò sọ fún yín ni pé yíyọ ni wọ́n ń yọ eyín níbẹ̀, wọn kì í wò ó. Wọn kò sì parọ́ tán. Ẹni tó jẹ́ pé ọdún kẹta tí eyín ti ń dùn ún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ni dókítà ọ̀hún tún fẹ́ ṣe fún un ju kó mú ẹ̀mú lọ? Bí a bá wa ọkọ̀ tí kò ní ọ́ọ̀lì títí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú, a kò lè bínú sí mẹ̀káníìkì tó ní ká lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka ojú ewé yìí ju bàbá mi lọ dáadáa, àwọn mìíràn tó bí bàbá mi lọ́mọ. Nítorí náà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: àṣìṣe kan wà nínú ọ̀nà tí a gbà ń tọ́jú ẹnu láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àṣìṣe náà kò sì ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ọ̀lẹ tàbí ọ̀bùn. Àwa Yorùbá kì í ṣe ọ̀bùn ẹnu. Ìdí tí a fi ń fọ ẹnu àti àsìkò tí a ń fọ̀ ọ́ ni ìṣòro wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kòkòrò ná. Èdè wa fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń tì wá sínú ọ̀fìn yìí. Bí eyín bá lu ihò, a ó ní kòkòrò ti jẹ ẹ́. Bí àwọn elétò ìlera bá sì dé orí rédíò, tí wọ́n fẹ́ sọ nípa àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tó ń fa àìsàn, wọn a tún pe ìyẹn náà ní kòkòrò àìfojúrí. Bí ìyá wa tó wà lábúlé bá ti gbọ́ kòkòrò báyìí, ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ bá. Ẹ sì wò ó, ihò ara ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu àti ihò ara eyín jọra wọn gan-an. Ta ló fẹ́ bá ìyá jiyàn? Ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì mọ èyí, ó sì ń fi jẹun.

Àwa nìkan kọ́ ni a gba irú èyí gbọ́. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ gbà á gbọ́, àwọn òyìnbó Yúróòpù náà sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 1728 ni oníṣègùn eyín kan ní ilẹ̀ Faransé, Pierre Fauchard, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ìtọ́jú eyín, ó sì sọ níbẹ̀ pé òun kò rí kòkòrò kankan nínú eyín tó bàjẹ́. Ní ọdún 1890, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, Willoughby Miller, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, àlàyé rẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà eyín títí di òní. Ó ní àwọn ohun àìfojúrí inú ẹnu máa ń jẹ nínú ṣúgà àti oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ eyín, bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, oje kíkan kan ni wọ́n máa ń tú jáde. Oje kíkan yìí ló ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe máa ń jẹ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a bá da omi rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Kò sí ìdin, kò sí ohun tó ń rìn. Bí oògùn bá lé kòkòrò tí kò sí jáde, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ibi tí èyí tó wà nínú ìgò ti wá.

Níbi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Bí ó bá jẹ́ ìdin ló ń jẹ eyín, oògùn la ó máa wá. Bí ó bá sì jẹ́ oúnjẹ tó sùn mọ́ ẹnu ló ń dá oje kíkan sílẹ̀, a jẹ́ pé àsìkò tí oúnjẹ fi ń sùn mọ́ ẹnu ló yẹ ká mójú tó. Àsìkò wo nìyẹn? Alẹ́ ni.

Nílé Yorùbá, ọmọ tó bá jí tí kò tíì yọ́ ẹnu kò gbọdọ̀ wá kí bàbá rẹ̀. Àgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ kí i láàárọ̀ kùtù, ọwọ́ lásán ni yóò gbé sókè sí yín, kò ní la ẹnu títí yóò fi fi omi ṣan án. Mo rántí pé ìyá tó bí ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo títí tí òun yóò fi run orín tán lẹ́yìnkùlé. Àṣà tó dára ni, n kò sì fẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: ta ni a ń fọ ẹnu fún láàárọ̀? Àwọn tí a fẹ́ kí ni. Nítorí òórùn ni, nítorí ọ̀wọ̀ ni. Eyín fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí kò sí ẹni tí a tún fẹ́ kí mọ́, a ó jẹ àmàlà tàbí ẹ̀kọ àti àkàrà tán, àwọn ọmọ yóò tún fi bisikíìtì lé e, omi la ó mu, ó di ojú oorun.

Ọlọ́run fi itọ́ sí ẹnu láti máa ṣan eyín kó sì máa pa oje kíkan yẹn lágbára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sùn, itọ́ máa ń dín kù gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń gbẹ tí a bá jí. Oúnjẹ tó bá wà láàárín eyín ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní wákàtí méje tàbí mẹ́jọ láti ṣe ohun tó bá wù ú kí ilẹ̀ tó mọ́. Orín tí a wá run ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí olè ti kó ẹrù lọ tán ni ó dé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àwọn dókítà eyín ní ká máa fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ẹnìkan bá wá fi ìbọn sí mi lórí pé kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ti alẹ́ ni n ó mú, n ó sì fi omi yọ́nu láàárọ̀ kí n tó kí bàbá mi.

Mo mọ̀ pé bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan yóò ti máa sọ pé ọmọ yìí fẹ́ ká sọ orín nù. Rárá o. Ẹni tó bá pẹ̀gàn orín kò mọ ohun tó ń sọ. Orín àtà tó máa ń ta ahọ́n, ayìn, ewúro, pákò Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn ni wọ́n ṣì ń tà ní ọjà Bódìjà ní ìdì-ìdì, tí àwọn ọmọ yunifásítì ará Agbowó náà sì ń rà. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, gbé àbájáde ìwádìí jáde pé oje inú àwọn orín ilẹ̀ wa ní agbára láti dènà àwọn ohun àìfojúrí tó ń fa àìsàn. Ní ọdún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó ń lo orín níbi tó ti jẹ́ àṣà wọn máa lò ó lọ. Àwọn bàbá wa kò ṣìnà.

Ibi tí orín kù sí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, eyín iwájú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń run, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ dé, ibẹ̀ náà sì ni ènìyàn ń rí tí a bá rẹ́rìn-ín. Eyín inú tí a fi ń lọ oúnjẹ, ní pàtàkì ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ahọ́n, kì í kan orín láti oṣù dé oṣù. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn kan máa ń fi orín rẹ́ eyín bí ẹni ń rẹ́ pákó, síwá-sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, títí tí ẹran ìdí eyín yóò fi sá sókè tí gbòǹgbò eyín yóò sì hàn síta. Bí omi tútù bá kan irú eyín bẹ́ẹ̀, ara ẹni yóò gbọ̀n. Ẹ jẹ orín náà títí orí rẹ̀ yóò fi fọ́ di ọ̀wọ̀ rírọ̀, kí ẹ wá máa fi gbá eyín láti ìdí rẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ fluoride, ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ ìfọyín, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní makilíìnì láìwo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Fluoride máa ń mú kí ara eyín le kí oje kíkan má tètè rí i jẹ. Orín kò ní i tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn orín lè run ún láàárọ̀ bó ṣe ń ṣe, kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ lálẹ́. Ẹni tí kò sì fẹ́ rí búrọ́ọ̀ṣì sójú lè fi ọṣẹ díẹ̀ sórí orín náà, kò sí ẹni tó máa fi í sẹ́wọ̀n. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tu ìfófò náà dànù, ẹ má fi ife omi kan gbáko ṣan gbogbo rẹ̀ kúrò, nítorí pé ó yẹ kí ọṣẹ náà kù díẹ̀ lára eyín mọ́jú.

Èédú lílọ̀ àti iyanrìn tí àwọn kan fi ń fọ eyín kó lè funfun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń họ ara eyín, èyí tó bá sì ti họ kì í padà hù mọ́.

Ìbéèrè kan tí àwọn àgbà fẹ́ràn láti bi àwa ọmọdé ni pé, ṣé àwọn tó wà láyé kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé kò ní eyín ni? Wọ́n ní. Oríkì adúmáadán, eyín-fún-jowó kò ṣàdédé wáyé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ará àtijọ́ ló mọ ṣúgà? Ìrèké ni wọ́n ń jẹ, oyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, obì àti orógbó tí wọ́n korò. Lónìí, ẹ wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, gàrí tí wọ́n ń mu lọ́sàn-án, ṣúgà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju gàrí lọ. Ẹ lọ sí òde ìnáwó ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọn yóò fi kí yín káàbọ̀, òun náà ni wọn yóò fi dágbére fún yín. (Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tún wà tó jẹ́ pé eyín ni wọ́n fi ń ṣí ìdérí ìgò rẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin lè wò wọ́n. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.) Ìjọba àpapọ̀ náà rí i pé ọ̀rọ̀ ṣúgà ti le, wọ́n fi owó orí náírà 10 sórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìṣúná ọdún 2021. Lójú tèmi, náírà 10 kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tí ó lè ṣe wá lóore ni kí a mọ̀ pé kì í ṣe bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń ba eyín jẹ́, iye ìgbà tó ń kan eyín lóòjọ́ ni. Ẹni tó mu ìgò kan tán pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán sàn ju ẹni tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ. Súìtì tí àwọn oníṣòwò máa ń fi sẹ́nu láti ìṣí ọjà títí di ìpalẹ̀mọ́, nítorí ọ̀fun, ó burú ju bí wọ́n ṣe rò ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ ẹ̀yin àgbà gan-an báyìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé eyín àgbà máa ń bọ́ ni, bí irun orí ṣe ń funfun. N kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Àìsàn ẹran ìdí eyín ló máa ń bọ́ eyín àgbà. Bí èérí bá pẹ́ lára eyín, yóò gan mọ́ ọn bíi sìmẹ́ǹtì, orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kankan kò sì lè ṣí i mọ́. Ẹran tó di eyín mú yóò máa wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, yóò sì máa sá sẹ́yìn kúrò lára èérí náà. Egungun abẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, eyín yóò wá máa mì. Gbogbo èyí lè gba ogún ọdún láìdun ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára orín yín, ẹ má sọ pé orín ló gún yín. Àìsàn náà ló ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ a sì dẹ́kun fífọ ibẹ̀, èyí ló ń mú kí ó burú sí i.

Àwọn dókítà eyín ní irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń họ sìmẹ́ǹtì yìí kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé bí wọ́n bá ti họ ọ́, eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Eyín ti ń mì tẹ́lẹ̀, èérí tó gan ló dì í mú bí ògiri tó ti là tí wọ́n fi igi tì. Ẹni tó bá tètè lọ, tirẹ̀ kò ní mì. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Àtọ̀gbẹ máa ń mú kí àìsàn ẹran ìdí eyín le sí i, àìsàn ẹran ìdí eyín náà sì máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti kápá. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Ẹni tó ń fi aáṣáà sábẹ́ ètè tàbí tó ń fa tábà náà wà nínú ewu, kì í ṣe ti eyín nìkan, ti jẹjẹrẹ ẹnu pẹ̀lú.

Nígbà tí eyín bá wá dé ojú ríro tán, ohun tí ojú ń rí kì í kéré. Omi bátìrì ni àwọn kan ń kán sínú ihò eyín. Àwọn mìíràn ń já kápúsù, wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ síbẹ̀. Ògógóró ni ti àwọn kan, aáṣáà ni ti ẹlòmíràn. Omi bátìrì yóò jó ẹran ẹnu, ìyẹn náà yóò sì wá di ìrora kejì. Nígbà mìíràn, ìrora á dáwọ́ dúró lójijì, ẹni náà á sì máa yọ̀ pé oògùn ti jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀mí inú eyín ti kú, àìsàn náà sì ti ń gba ìsàlẹ̀ lọ sínú egungun àgbọ̀n. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ara sì gbóná, tí ẹni náà kò lè gbé itọ́ mì tàbí la ẹnu dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la mọ́. Wíwú yẹn lè dí ọ̀nà èémí, ènìyàn sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ nítorí eyín kan ṣoṣo. Ọsibítù ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lóru yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ ni kò jẹ́ kí n lè sùn nígbà tí mò ń kó ọ̀rọ̀ yìí jọ. A gbà pé bí ọmọ bá ń hu eyín, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná, kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí, a máa ń ra oògùn eyín fún ọmọ tí kò ní àìsàn eyín. Ẹ rántí ọdún 2008. Oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń pè ní My Pikin, oògùn eyín híhù ni wọ́n tà á fún àwọn ìyá. Kẹ́míkà kan tó jẹ́ májèlé, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú omi ẹ́ńjìnnì àti ọ́ọ̀lì búréèkì, ló ti wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí ọsibítù, Èkó àti Zaria náà wà níbẹ̀. Ọmọ 84 ló kú. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán méjì lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje. Ọmọ 84 tí eyín ń hù lẹ́nu wọn, ohun tí Ọlọ́run ti ṣètò pé kó hù láìfi oògùn kankan sí i.

Eyín híhù lè mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ọmọ, kí inú máa bí i, kí ó máa jẹ ìka. Ṣùgbọ́n ibà gbígbóná àti ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ àìsàn mìíràn, ilé ìwòsàn ló sì yẹ kí ó gbé ọmọ náà lọ. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi rẹ ni ká fi máa nu erìgì rẹ̀ lálẹ́. Bí ọmọ náà bá dàgbà díẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni yóò bọ́. Èyí tó bọ́, a ó sọ ọ́ sórí òrùlé, a ó sì bẹ̀bẹ̀ kí alángbá má rí i, gbogbo wa la ṣe é. Ṣùgbọ́n ní bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan máa ń hù sẹ́yìn lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé eyín kankan bọ́ níbẹ̀. Òbí kì í mọ̀ pé ó ti hù. Eyín tí yóò bá a dọjọ́ ogbó nìyẹn, òun náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lu ihò, nítorí gbogbo ilé rò pé eyín ọmọdé ni, pé yóò bọ́ dànù.

N kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin aráàlú nìkan ni mò ń bá wí. Ìbàdàn ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. UCH ti wà láti ọdún 1957, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín láti nǹkan bí ọdún 1975. Àwọn olùkọ́ wọn kò jókòó sí ọsibítù ńlá nìkan, wọ́n gbé ilé ìtọ́jú eyín alábọ́ọ́dé kalẹ̀ ní Ìdíkàn láàárín ìgboro, kí ará àdúgbò lè débẹ̀ láìsan owó mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 péré nínú wọn ló wà n'Ìbàdàn. Bàbá àgbẹ̀ tó wà ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn tàbí Ìbàràpá, tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá mu omi tútù, ta ni yóò fi í hàn? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí rẹ̀ lè fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó lè gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló mọ̀ nípa eyín, oògùn ìrora ni yóò fún un. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ sí Ìbàdàn lè tó owó ọ̀sẹ̀ kan. Ó di dandan kí ó dúró títí eyín náà yóò fi di èyí tí kò ṣeé ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹ̀mú ni àwọn ará oko mọ̀ mọ́ dókítà eyín.

Kò gba kí a kọ́ ọsibítù eyín sí gbogbo abúlé. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fọ eyín, kí wọ́n họ èérí, kí wọ́n kọ́ ènìyàn bí a ti ń tọ́jú ẹnu. Bí ọ̀kan ṣoṣo irú wọn bá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń ti ọjà dé ọjà ní ọjọ́ ọjà, tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wo eyín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo sọ yẹn, ọ̀pọ̀ eyín ni kò ní kan ẹ̀mú láéláé. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n ń san lórí eyín kí eyín tó dùn yín. Bí wọ́n bá ní yíyọ nìkan ni, ẹ sọ fún wọn pé ìyẹn kò tó.

Bí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín bá sì tún wá sí abúlé láti wá tọrọ ìbò, tó rẹ́rìn-ín sí yín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Eyín tirẹ̀ yóò pé. Ẹ wá bi í léèrè ibi tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀, àti ìgbà tí irú ibẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ yín.